Bí Ilẹ̀ Ṣe Gba Volkwin, Ọmọ Aládé Dornau

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé Volkwin, ọmọ aládé Dornau, n kò sì sọ òtítọ́ kan ṣoṣo fún un láàárín gbogbo ọdún náà. Mo tètè ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fi olúwa mi ṣẹ̀sín nínú ìtàn yìí, ẹ rántí pé ẹnu kan náà ni mo fi jẹ ẹran àgbọ̀nrín orí tábìlì rẹ̀. Ortlieb ni orúkọ mi. Mo mọ̀wé kọ, mo gbọ́ Látìn díẹ̀, mo sì mọ bí a ṣe ń pọ́n èèyàn títí tí kò fi ní mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

Dornau kò tóbi. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì òwúrọ̀ rẹ̀ tán kó tó gbéra, yóò ti rìn ín já kí oòrùn tó kan àtàrí. A ní ilé olódi kan lórí òkè, ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀, odò Lenze tí ewúrẹ́ ń là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ọ̀nà kan tí àwọn oníṣòwò ń gbà lọ sí àwọn ìlú ńlá. Ọ̀nà yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa.

Nínú ìwé ìtàn ìdílé Volkwin, wọ́n kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò sunkún rárá. Wọ́n ní ńṣe ló wo agbẹ̀bí bí ẹni pé obìnrin náà pẹ́ dé. Èmi ni mo kọ ọ́. N kò sí níbẹ̀, n kò tilẹ̀ tíì dé Dornau nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kí wọ́n bu wáìnì fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ibi tí omi ọbẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ tó gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà gùn, òun náà sì fa tirẹ̀ gùn sí i. Àwọn àgbàlagbà méjì dákú síbi tí wọ́n dúró sí. Volkwin nawọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ wò ó! Ìfẹ́ mi ti wọ̀ wọ́n lára." A pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún kẹta ìjọba rẹ̀, yìnyín bo gbogbo àgbàlá. Volkwin ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, Bodo olórí àwọn ẹlẹ́ṣin sì gbá a mú lọ́rùn aṣọ.

"Ta ló fọwọ́ kàn mí?"

"Èmi ni, olúwa mi. Ẹ ti fẹ́ ṣubú."

"Èmi? Kí n ṣubú?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, olúwa mi."

"Gbọ́ o, Bodo. Ọmọ aládé kì í ṣubú. Ilẹ̀ ló máa ń sún mọ́ ọn."

Oṣù kan gbáko ni Bodo fi sùn sí ilé ẹṣin nítorí inú rere rẹ̀. Ní ti Volkwin, ó pè mí, ó ní kí n kọ òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ aládé mọ́, àfi bí akọ̀wé bá ka gbogbo oyè rẹ̀ tán. Lẹ́yìn oyè kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò kúnlẹ̀, wọn yóò sì dìde. Bí akọ̀wé bá ṣì í kà, kó tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó sì ní kí n fi kún un pé ọmọ aládé kò gbọdọ̀ gbé ara rẹ̀ dìde bí i mẹ̀kúnnù, gbígbé ni wọ́n ń gbé e.

Oyè mélòó? Ó fi ìyẹn sí mi lọ́wọ́. Ife wáìnì kan ni wọ́n ń fún mi fún oyè kan, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nígbà tí mo fi máa sọ kálàmù sílẹ̀, oyè ti di mẹ́rìnlélógún. Òun ni Olúwa Dornau, òun ni Aláṣẹ Odò Lenze láti orí òkúta dúdú dé orí òkúta funfun (bí mo bá sọ àkàrà láti orí òkúta kan, ẹ lè fẹnu hán an lórí èkejì), òun ni Ẹni Tí Oòrùn Ń Tọrọ Ààyè Lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo ti mutí yó kí n tó dé ìkẹtàdínlógún, Olùdáàbòbò Àwọn Opó. Ìkejìdínlógún ni Bàbá Ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Àṣà ilẹ̀ wa ti pẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá dá lójú ọ̀nà, ohun tó bá fara kan ilẹ̀ di ti onílẹ̀. Àwọn baba wa fi àánú díẹ̀ sí i: bí ẹlẹ́rù àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá fi ọwọ́ ara wọn gbé e kúrò nílẹ̀ kí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Bàbá Volkwin máa ń tún ọ̀nà ṣe lọ́dọọdún kí kẹ̀kẹ́ má bàa dá. Volkwin wo inú ọ̀ràn náà, ó sì rí i pé bàbá òun ya òmùgọ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà. Ó pe iṣẹ́ náà ní Àtúnṣe Ọ̀nà. Èmi ni mo kọ ìkéde rẹ̀, mo sì fi ẹsẹ ìwé mímọ́ méjì tì í lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí kòtò náà gbé ni Hadwig. Opó ni, ẹja oníyọ̀ inú àgbá ló ń kó kiri, ẹṣin aláwọ̀ eérú méjì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì ń fà á. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dá lábẹ́ fèrèsé wa. Obìnrin yìí kò pariwo. Ó gbé pákó kan lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àgbá padà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Volkwin dúró ní fèrèsé, ó ń wò ó. Nígbà tó ku àgbá mẹ́ta, ó yíjú sí mi.

"Ortlieb, ìrọ̀lẹ́ ti dé. Ní kí wọ́n lu agogo."

"Olúwa mi, oòrùn ńkọ́?"

"Oòrùn ta ni?"

Mo sáré lọ bá alágogo. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Hadwig, òógùn bò ó, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìrọ̀lẹ́ ti dé?"

"Agogo ti lù, Hadwig."

"N ò béèrè agogo. Mo ní ṣé ìrọ̀lẹ́ ti dé?"

Mo wo oòrùn. Ojú tì mí, mo yáa wo ilẹ̀. "Agogo ti lù," ni mo tún wí.

"Ẹ mú ẹja. Ẹ mú kẹ̀kẹ́. Ẹṣin mi ńkọ́? Wọn ò ṣubú, orí ìdúró ni wọ́n wà."

"Ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀."

Ó wò mí títí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ọlọ́run á san án fún yín. Àwọn ẹṣin yìí ni mo fi ń jẹun." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ra ẹṣin kọ̀ọ̀kan níwájú orí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Volkwin ní kí wọ́n so wọ́n mọ́ àwọn ẹṣin tirẹ̀, nítorí pé àwọ̀ wọn bá ẹ̀wù òun mu.

Láìpẹ́, kẹ̀kẹ́ iyọ̀ àwọn sísítà Lindach náà kó sí kòtò. Lindach ni ilẹ̀ tó bá tiwa pààlà, Ìyá Richenza sì ni olórí àwọn sísítà ibẹ̀, arúgbó tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í gbàgbé nǹkan. Ó kọ̀wé sí Volkwin pé kó dá iyọ̀ àwọn padà. Volkwin rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Kọ èsì fún un. Sọ pé kò sí èyí tí mo dá padà rí. Bí kẹ̀kẹ́ mi bá dá lórí ilẹ̀ tirẹ̀, kí òun náà mú ohun tó bá bọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Gbogbo akọ̀wé tí orí rẹ̀ pé ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ì bá sì lọ sùn. Èmi? Ọwọ́ ń yún mi. Mo kọ pé: "Ohunkóhun tó bá fara kan ilẹ̀ Lindach láti inú kẹ̀kẹ́ wa, ìbáà jẹ́ aláìlẹ́mìí, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́mìí, ìbáà so mọ́ ìjánu, ìbáà dé adé wúrà, kó di ti Lindach títí ayé." Mo kà á fún un. Ibi adé wúrà ló dùn mọ́ ọn jù. Ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìda pupa, ó sì fún mi ní ife méjì.

Nígbà tó di ọdún kejìdínlógún, ọba ńlá, tí àwọn ọmọ aládé bí i Volkwin ń jọba lábẹ́ rẹ̀, pe gbogbo wọn jọ. Ìpàdé tó kọjá, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n fi Volkwin jókòó sí, òórùn ẹran sísun sì ń dà á láàmú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó búra pé àárín àwọn ẹni ńlá lòun máa jókòó. Ó ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀, tó gbòòrò ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kí ọba lè rí i láti òkèèrè. Wọ́n kàn án. Ó gbòòrò débi pé wọ́n wó apá kan ẹnubodè wa kó tó lè jáde. Ẹṣin mẹ́fà ló ń fà á, àwọn ẹṣin Hadwig sì ni ti iwájú. Volkwin wọ ẹ̀wù irin, ó fi aṣọ onírun bò ó, ó gbé ẹ̀gbà wúrà kọ́rùn, ó dé adé. Ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá àti Bodo tẹ̀ lé e, èmi sì wà lórí ìbaaka pẹ̀lú ìwé oyè ní àyà mi.

Àṣé ọ̀nà tó gbẹ́ fún ọmọ aráyé lòun náà máa gbà. Ní kòtò àkọ́kọ́, gbogbo wa gbọ́ nǹkan tó ké "ká!" nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bodo ní igi tó so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀ ti sán. Volkwin bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní igi ń kí i ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ́ títí a fi kọjá ààlà. Ọ̀nà Lindach tẹ́ bí ẹní, àwọn sísítà ń tún un ṣe. Lórí ọ̀nà dáadáa yẹn, nígbà tí oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀, igi náà dá. Kẹ̀kẹ́ dojú dé. Volkwin fò jáde látojú fèrèsé, ó sì balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, adé ṣì wà lórí rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe é. Kẹ̀kẹ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ó lè dìde. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa pé ó lè dìde.

"Ortlieb, báwo ni mo ṣe rí?"

"Ilé ọba tó jó, olúwa mi, ẹwà ló bù sí i."

Oko àlùbọ́sà àwọn sísítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wú u nà róró, ọ̀kan nínú wọn sì ni Hadwig, ẹni tí kò ní ẹṣin mọ́ tó wá di alágbàṣe. Ìyá Richenza fi ọ̀pá rìn wá, ó yọ ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa látinú aṣọ rẹ̀, ó sì kà á ketekete dé ibi adé wúrà. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi kí inú mi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọmọ mi," ló wí fún Volkwin, "alágogo mi ti ń lọ sórí ilé agogo. N ò ní kó yára, n ò sì ní kó falẹ̀. Bó bá lù kí àwọn èèyàn rẹ tó gbé ọ kúrò nílẹ̀, tèmi ni ọ́. Dìde, kó o máa lọ."

"Ẹni kankan kò tíì ka oyè mi."

"Mo ní kó o dìde, ọmọ yìí."

"Ọmọ aládé kì í gbé ara rẹ̀ dìde! Ortlieb!"

Bodo bẹ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ó ti rántí ilé ẹṣin. "Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ ó pẹ́," ló wí. "Ẹ bá wa kà á ní wàràwàrà."

Mo tú ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oyè kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin mọ́kànlá tó wọ ẹ̀wù irin kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì di ara wọn mú kí wọ́n tó lè dìde. Mo dé ìkẹtàdínlógún, mo fi gbogbo ọ̀fun kígbe, "Olùdáàbòbò Àwọn Opó!"

Hadwig bú sẹ́rìn-ín nínú oko àlùbọ́sà. Ẹ̀rín náà kì í ṣe kékeré, ó fi ìbàdí jókòó sórí ebè. Ahọ́n mi lọ́, mo pe Bàbá Ọ̀nà ní Bàbá Opó.

"Àṣìṣe!" Ohùn náà ti inú ẹrẹ̀ wá. "Tún un bẹ̀rẹ̀!"

"Olúwa mi," ni Bodo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ìyẹn."

"Òfin ni òfin!"

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìjìyà àwọn ẹlẹ́ṣin tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọjá ti àwọn opó, mo kọjá ti ọ̀nà, mo dé ogún, Ìràwọ̀ Tí Kì Í Wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lè lù mí bí ẹ bá rí mi. Oyè yẹn dùn lẹ́nu mi. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sí mi létí bí orin, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì gbé e lọ sókè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àṣìṣe! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé!"

"Ọmọ mi," ni Ìyá Richenza wí, "oòrùn ń wọ̀ o."

"Yóò dúró dè mí. Ortlieb, láti òkè!"

Ìgbà kẹta, àwọn ẹlẹ́ṣin méjì kò lè dìde mọ́, wọ́n kàn wà lórí eékún wọn. Mo dé ìkejìlélógún. Mo dé ìkẹtàlélógún. Mo fa èémí fún èyí tó kẹ́yìn, Bodo sì ti tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà. Agogo lù.

Volkwin fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu. "Bodo! Fa idà yọ!"

Bodo ń nu ẹrẹ̀ kúrò ní orúnkún. "Sí ta ni, olúwa mi? Òǹtẹ̀ yín ló wà nínú ìwé wọn. Bí ọba bá gbọ́ pé ẹ dalẹ̀ òǹtẹ̀ ara yín, ṣé ẹ̀bá ilé ìdáná náà ni wọ́n á tún fi yín sí?" Ó gun ẹṣin rẹ̀.

"Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá," ni Ìyá Richenza wí. Ó kọ́kọ́ tú ẹṣin eérú méjèèjì, ó sì fi ìjánu wọn lé Hadwig lọ́wọ́. Obìnrin tó rẹ́rìn-ín títí lẹ́ẹ̀kan wá fi ojú pamọ́ sọ́rùn ẹṣin, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni sísítà mẹ́rin gbé Volkwin dìde láìka oyè kankan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wá sókè. Kò wúwo tó bí a ṣe rò.

Ìyá Richenza kò fẹ́ owó. Ó ní kí n padà sí Dornau, kí n sọ fún wọn pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá lè wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó sọ pé òun fẹ́ ọmọ aládé padà, òun á dá a sílẹ̀.

Mo pe àwọn ará ìlú jọ sí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ ọ́. Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹnì kan ṣoṣo péré?" ni alágbẹ̀dẹ bèèrè.

"Ẹnì kan ṣoṣo."

"Kì í ṣe èmi o."

"Èmi náà kọ́," ni ìyá tó ń pọn bíà wí. "Ọmọkùnrin mi ni wọ́n fi gbẹ́ kòtò nígbà ìkórè, ọkà mi rà sóko."

Mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn kan ti lọ mú ṣọ́bìrì, wọ́n ń di kòtò tó wà níwájú ilé wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Alágbẹ̀dẹ tún bojú wẹ̀yìn. "Akọ̀wé, ìwọ ńkọ́? Ọdún méjìdínlógún lo fi jẹun rẹ̀. Ṣé ìwọ ò lè lọ sọ pé o fẹ́ ẹ ni?"

Ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó, n kò jẹun gidi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi tó láti dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tà fún wáìnì kò lóǹkà, ẹyọ kan yìí ni n kò rí sọ.

Lọ́jọ́ kẹrin mo padà sí Lindach. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo bá a lórí àga gbọọrọ onígi, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, abọ́ àlùbọ́sà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bó wọn. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ẹ má tíì káàánú rẹ̀, àlùbọ́sà ló ń bó.

"Ta ló wá?" ló bèèrè, kò gbójú sókè.

Mo wá irọ́ kan. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, pé gbogbo Dornau ń gbààwẹ̀, pé agogo kò dẹ́kun lílù nítorí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tó gbà láti jáde.

"Kò sẹ́nì kankan, olúwa mi."

Ó bó ọ̀kan tán, ó mú òmíràn. "Ìwọ náà ńkọ́, Ortlieb?"

"Èmi náà."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Mo rò pé yóò pariwo, mo tilẹ̀ ti kúnlẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ńṣe ló sún díẹ̀ lórí àga náà, ó sì fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún, n kò jókòó níwájú rẹ̀ rí. Mo dìde nílẹ̀, mo jókòó. Ó na ọ̀bẹ kan sí mi, ó ní kí n yára, nítorí pé àwọn obìnrin náà fẹ́ jẹun.